Epo Tó Wà Nílẹ̀, Epo Tó Ṣeé Fà Jáde

Iye kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dà inú ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní bítúmẹ́nì. Bílíọ̀nù 42 ni. Ìwé tí ìjọba fi ń pe àwọn olókòwò òkèèrè ti tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà pé bílíọ̀nù 42 tọ́ọ̀nù ló wà nílẹ̀, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì epo rọ̀bì tí Nàìjíríà ní. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọmọ ilé-ìwé wò ó. Tọ́ọ̀nù ọ̀dà kan tó àgbá mẹ́fà ó lé díẹ̀. Bílíọ̀nù 42 tọ́ọ̀nù yóò tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 260 àgbá. Àjọ NUPRC, tó ń bójú tó iṣẹ́ epo, kéde pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, gbogbo epo rọ̀bì àti kọndẹ́nsétì (epo fífúyẹ́ tó ń bá gáàsì jáde) tí orílẹ̀-èdè yìí ní jẹ́ bílíọ̀nù 37.5 àgbá. Ìlọ́po méje nìyẹn, kì í ṣe méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ "tọ́ọ̀nù" kúrò, tí a fi "àgbá" sípò rẹ̀, tí a sì rántí pé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, epo tí Nàìjíríà ń kéde kò tó ti òní, ọ̀rọ̀ "ìlọ́po méjì" á bọ́ sójú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹnì kan ló ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ níbì kan, tí àwọn tó kù sì ń dà á kọ láti ìgbà náà.

Bí àṣìkọ bá lè fi ìlọ́po mẹ́fà kún ọrọ̀ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò sì fura, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń ka epo inú ilẹ̀. Ní ọdún 2025, orúkọ Eba, létí omi ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside, gba ojú àwọn ìwé ìròyìn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ pé Ààrẹ ti fọwọ́ sí i kí wíwa epo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Òǹdó ní kí wọ́n dúró ná, pé ilẹ̀ àwọn ni. Ẹjọ́ ààlà kọ́ ni mo bá wá, àwọn tó ń dá a wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni pé láàárín ariwo náà, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé epo náà ti wà nínú àgbá, tó ku kí wọ́n pín in.

Kí ènìyàn tó ka epo, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí epo lè gbé. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò sí lára rẹ̀. Orí àpáta àtijọ́ ni ìlú méjèèjì wà, àpáta tí ooru inú ilẹ̀ ti sè, tó ti tẹ̀ ẹ́, tó ti lọ́ ọ, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Hóró inú rẹ̀ ti wọ ara wọn débi pé kò sí àyè fún epo láti gbé. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982 pẹ̀lú orúkọ Ogun State University, kò ní rìn jìnnà kó tó rí irú àpáta bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó wọ ọkọ̀ síhà gúúsù, kó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, kó kọjá títì márosẹ̀ tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin. Àpáta náà á ti máa rì wọlẹ̀, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun á sì máa gun orí rẹ̀ ní ìpele ìpele. Kó tó dé Ìbíadé, Abigi àti Ìwópin, ìpele wọ̀nyí á ti nípọn gan-an, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń nípọn sí i lọ sínú òkun. Ilẹ̀ tó rì bí agbada yìí bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Ghana, ó gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin kọjá, ó sì dáwọ́ dúró ní ẹ̀bá Òkìtìpupa.

Ní 1981, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Omatsola àti Adégòkè, fún ìpele mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ agbada náà lórúkọ: Ise nísàlẹ̀ pátápátá, Afowo lórí rẹ̀, Araromi lókè. Inú iyanrìn Afowo ni ọ̀dà wà. Araromi ní tirẹ̀ ní òkúta dúdú pẹlẹbẹ tí ẹrẹ̀ òkun àtijọ́ di, tí òkú ẹran omi àti ewéko wà nínú rẹ̀. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ooru máa ń sè títí tí epo á fi jáde lára rẹ̀. Bí a bá ń wá ohun tó jọ epo inú òkúta líle tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fà ní Texas àti North Dakota, ìpele yìí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní agbègbè wa.

Ti ọ̀dà kì í ṣe àwárí àná. Láti 1908 ni iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ kànga kiri ní agbègbè Òkìtìpupa, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dá gbogbo rẹ̀ dúró ní 1914. Ọ̀kan lára kànga wọn, NBC-7, ṣì wà ní Agbabu, ọ̀dà ṣì ń rú lẹ́nu páìpù rẹ̀. Àwọn tó lọ wò ó máa ń bọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ọrọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ó lè wà o. Ṣùgbọ́n kí nǹkan máa rú jáde ń sọ fún wa pé ó wà ni, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó gbìyànjú láti wọn bó ṣe pọ̀ tó ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè yìí kan náà, tí wọ́n gbẹ́ ihò kiri ní apá Òǹdó, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní 1980. Ìpele iyanrìn ọlọ́dà méjì ni wọ́n rí, X àti Y, òkúta dúdú wà láàárín wọn. Iye tí wọ́n bá rí ní Òǹdó kò ṣeé gbé wá sí Ogun Waterside bí ẹni gbé ìkòkò, nítorí ìpele iyanrìn a máa fẹ̀, a máa tín-ín-rín, a tilẹ̀ máa tán láìrò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan láti ka epo ni wíwọn àyè tó wà. Ká mú ilẹ̀ kan tó gùn ní kìlómítà kan, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà kan. Ìpele iyanrìn ọlọ́dà tó wà lábẹ́ rẹ̀ nípọn mítà 10. Gbogbo ìpele náà jẹ́ mílíọ̀nù 10 kúbíìkì mítà. Hóró iyanrìn ló gba apá tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ká ní àyè àárín wọn jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku mílíọ̀nù mẹ́ta. Omi máa ń bá ọ̀dà pín àyè yẹn. Ká ní omi gba ìdá 40, ohun tó kù fún ọ̀dà jẹ́ mílíọ̀nù 1.8. Àgbá 6.29 ló wà nínú kúbíìkì mítà kan, nítorí náà àgbá mílíọ̀nù 11.3 ló wà lábẹ́ kìlómítà kan ní ìbú àti òró.

Ẹ wá fi ìṣirò kékeré yìí dán bílíọ̀nù 42 wò. Ilẹ̀ tí ọ̀dà ti hàn síta láti Ògùn gba Òǹdó dé Ẹdó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 120, ó sì fẹ̀ ní kìlómítà mẹ́rin sí mẹ́fà. Ká pè é ní 600 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí iyanrìn ọlọ́dà bá nípọn mítà 10 ní gbogbo ibẹ̀, yóò tó bílíọ̀nù méje àgbá ó dín díẹ̀. Kó tó lè di bílíọ̀nù 42 àgbá, ó gbọ́dọ̀ nípọn ju mítà 60 lọ níbi gbogbo. Kó tó lè di bílíọ̀nù 42 tọ́ọ̀nù, ó gbọ́dọ̀ nípọn ní nǹkan bíi mítà 380, iyanrìn ọlọ́dà láti òkè dé ilẹ̀! Òótọ́ ni pé ìpele náà ń rìn lọ sábẹ́ ilẹ̀ síhà òkun kọjá ibi tó ti hàn síta, a sì lè ka èyí kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á kún un ní láti sọ fún wa pé òun kà á, kó sì fi kànga tó kàn án hàn wá.

Gbogbo èyí, ohun tó wà nílẹ̀ ni a ṣì ń kà. Èyí tó máa jáde ọ̀tọ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà ni ẹ̀rí tó tóbi jù lọ láyé: ọ̀dà tó wà nínú iyanrìn wọn lé ní àgbá tírílíọ̀nù 1.8, àmọ́ èyí tí ìjọba wọn kà sí èyí tó ṣeé fà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Níbi tí ọ̀dà kò ti jìn ju nǹkan bíi mítà 75 lọ, wọ́n ń ṣí ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ń fi katapílà kó o. Níbi tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi omi gbígbóná tó di èéfín ránṣẹ́ sísàlẹ̀ kí ọ̀dà lè rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀ ní Ogun Waterside gbọ́dọ̀ rántí irà, odò àti oko tó wà lórí ilẹ̀ náà. Èmi kò rí ìwé ìpolówó kan tó yọ iye oko kòkó àti oko ọ̀pẹ kúrò nínú iye ọ̀dà.

Epo inú òkúta líle tún le ju ọ̀dà lọ láti kà, nítorí àyè inú òkúta náà kéré, ọ̀nà tí epo á sì gbà láti ihò kan dé èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àwọn ẹnjiníà ń fi ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní mílídásì sọ bí nǹkan ṣe ń ráyè gba inú òkúta kọjá. Iyanrìn tó dára ní Niger Delta a máa ju mílídásì 1,000 lọ. Òkúta tí wọ́n ń pè ní líle kì í tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílídásì kan. Àwọn tó ń ṣe gàrí ní Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ẹ bá gbé odidi ẹ̀gẹ́ sábẹ́ òkúta, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ dọ̀la, omi kò ní jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ rin ín tán, ẹ rọ ọ́ sínú àpò, ẹ wá tẹ̀ ẹ́, omi á máa ṣàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Texas ni pé wọ́n ń gbẹ́ kànga lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń yí i kó máa lọ ní ìbú nínú òkúta fún kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n wá ń fi omi àti iyanrìn tó ní agbára ńlá fọ́ òkúta náà níbi púpọ̀. Níbi tí wọ́n ti rin ín nìkan ni epo ti ń jáde. Ibi tí wọn kò rin, odidi ẹ̀gẹ́ ṣì ni.

Ẹ tún ìṣirò ìṣáájú ṣe fún òkúta líle. Ilẹ̀ kan náà, mítà 10 kan náà, àmọ́ àyè inú òkúta jẹ́ ìdá mẹ́fà péré, omi sì gba ìdá 40 nínú rẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí kò sí nínú ti ọ̀dà: epo tó wà nísàlẹ̀ jíjìn ní gáàsì nínú, tó bá dé òkè tí gáàsì sì fò lọ, epo á sún kì, èyí tó jẹ́ 1.4 nísàlẹ̀ á di 1 nínú àgbá. Bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀, àgbá mílíọ̀nù 1.6 ló wà nílẹ̀. Ní òkúta líle, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ènìyàn sábà máa ń rí fà. Ká mú mẹ́fà: kò tó àgbá 100,000. Ilẹ̀ tó dọ́gba, ìpele tó nípọn dọ́gba, ọ̀kan fi mílíọ̀nù 11 hàn, ìkejì kò lè mú ẹgbẹ̀rún 100 jáde.

Àwọn iye tí mo ń sọ pé "ká ní" wọ̀nyẹn, níbo ni wọ́n ti ń rí wọn? Wọ́n ń gé òkúta ní ọ̀pá ọ̀pá láti inú kànga, wọ́n ń gbé e lọ sí láàbù láti wọn àyè inú rẹ̀. Wọ́n ń so ẹ̀rọ mọ́ wáyà, wọ́n ń sọ ọ́ sínú kànga kó máa wọn òkúta bó ti ń gòkè bọ̀. Èyí tó ń sọ iye omi àti iye epo wà lára wọn: ó ń fi iná mànàmáná dán òkúta wò. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná kọjá, epo kì í gbé e. Láti 1942 tí Archie, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń bá Shell ṣiṣẹ́, ti gbé òfin ìṣirò rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń lò ó káàkiri ayé. Àmọ́ omi dídùn náà kì í gbé iná dáadáa. Ní etí omi bíi ti wa, níbi tí omi dídùn ti wọnú iyanrìn tí kò jìn, ẹ̀rọ náà lè fi hàn pé epo ló wà nígbà tó jẹ́ pé omi mímu ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í gbà á gbọ́ títí yóò fi rí epo gan-an nínú ìgò.

Nítorí pé ó ṣòro láti mọ iye ìdá tó máa jáde nínú òkúta líle, àwọn ẹnjiníà fi wíwọn àyè sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń wo kànga fúnra rẹ̀: mélòó ló mú jáde lóṣù yìí, mélòó lóṣù tó kọjá, báwo ló ṣe ń lọ sílẹ̀? Ní 1945, J. J. Arps fi ìṣirò lélẹ̀ fún bí kànga ṣe ń rẹ̀wẹ̀sì, òun náà ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Inú ìṣirò yẹn ni iye kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní b, tó ń sọ bóyá kànga yóò yára kú tàbí yóò máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Iye yìí ni àwọn ẹlẹ́tàn fi ń fọ́ni lójú, òun náà ni olóòótọ́ fi ń ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Ẹ wo kànga kan tó bẹ̀rẹ̀ ní àgbá 600 lójúmọ́, tó sì ti di 200 lẹ́yìn ọdún kan. Ẹnjiníà kan fi b sí 0.5, èkejì fi sí 1. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìlà àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba: ti ẹni àkọ́kọ́ mú nǹkan bí àgbá 126,000 jáde, ti èkejì 120,000. Tí a bá parí ọdún kejì, ti ẹni àkọ́kọ́ ń mú nǹkan bí àgbá 99 jáde lójúmọ́, ti èkejì 120. Kò sí ẹni tó lè torí èyí pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Kí wọ́n ti kànga fún ọjọ́ mélòó kan láti tún ẹ̀rọ ṣe, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú dé ogún ọdún. Ẹni àkọ́kọ́ á sọ pé kànga yìí yóò mú 280,000 jáde. Èkejì á sọ pé ó máa lé ní 400,000. Kànga kan náà ni, ìwé àkọsílẹ̀ ọdún kan náà ni wọ́n ń wò. Ẹ wá sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kànga, kí ẹ sì fi tọrọ owó lọ́wọ́ báńkì.

Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ ẹnjiníà epo lágbàáyé fi ṣe ìlànà kan ní 2007, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2018, pé ẹni tó bá dárúkọ iye gbọ́dọ̀ sọ irú iye tó jẹ́. Èyí tó dájú ni èyí tí ó kéré tán ìgbà 90 nínú 100, ohun tó máa jáde kò ní kéré sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó wà láàárín, 50 nínú 100, tó túmọ̀ sí pé ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má tó o, àǹfààní dọ́gba. Ìkẹta ni iye ìrètí, 10 nínú 100. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn mìíràn ni epo tí kànga ti kàn ṣùgbọ́n tí kò tíì ní ètò ìṣòwò wà. Èyí tí kànga kankan kò tíì kàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tún jìn jù bẹ́ẹ̀. Epo Eba tí wọ́n ń jà sí, ilẹ̀kùn wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Kò sí agbẹnusọ tó sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2004, Shell jẹ́wọ́ pé bílíọ̀nù 3.9 àgbá nínú èyí tí òun ti pè ní èyí tó dájú kò yẹ níbẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí iye náà ti wá. Alága wọn, Philip Watts, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Ilé-iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù 120 dọ́là owó ìtanràn ní Amẹ́ríkà àti mílíọ̀nù 17 pọ́n-ùn ní Ìlú Ọba. Epo náà kò kúrò níbi tó wà. Orúkọ tí wọ́n pè é ni wọ́n yí padà.

Ti òkúta líle ní California tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Ní 2011, ìwé kan tí àjọ EIA ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde sọ pé bílíọ̀nù 15.4 àgbá ló ṣeé fà nínú òkúta Monterey. Àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tí yóò wà. Ní 2014, àjọ kan náà dín in kù sí mílíọ̀nù 600, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún fò lọ. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ti ṣírò bí ẹni pé gbogbo ilẹ̀ náà yóò ṣe bí ibi tó dára jù ti ṣe, bẹ́ẹ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ti ká òkúta ibẹ̀, ó ti fọ́ ọ. Mo máa ń rántí ìyẹn nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá mú èsì kànga kan péré, tó fi í sọ iye epo gbogbo ìjọba ìbílẹ̀.

Inú agbada wa níhìn-ín kò ṣàìní ìtàn tirẹ̀. Ní Sèmè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Benin àti Nàìjíríà, wọ́n rí epo nínú òkun ní 1968. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1982, ó dáwọ́ dúró ní 1998, nǹkan bí mílíọ̀nù 22 àgbá ló sì mú wá. Iye yẹn ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iye tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ti jáde, wọ́n ti tà á. Ní 2013, Afren àti Lekoil kéde Ogo, nínú omi Èkó, pẹ̀lú mílíọ̀nù 774 àgbá epo àti gáàsì tí wọ́n pè ní iye àárín. Afren wó ní 2015, Ogo kò sì tíì mú àgbá kan wá fún títà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, epo àkọ́kọ́ jáde láti Aje, nínú omi níwájú Badagry, láti inú kànga méjì. Ìyẹn ló sọ Èkó di ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní láti tún ọ̀kan nínú kànga náà gbẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí èyí tó burú nínú rẹ̀, bí iṣẹ́ epo ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi Ogo ya owó, tó sì fi Aje gbèrò, ti kẹ́kọ̀ọ́ pé iye àárín kì í ṣe ìlérí.

Fún ará Ogun Waterside, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé nìkan. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 162, sọ pé ó kéré tán ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé láti inú ọrọ̀ ilẹ̀ ni yóò padà sí ìpínlẹ̀ tó ti wá. Owó tó wọlé ni òfin ń sọ. Epo tó wà nílẹ̀ kò mú kọ́bọ̀ kan padà bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù. Òfin Iṣẹ́ Epo ti 2021 ní tirẹ̀ ní kí ilé-iṣẹ́ fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sínú àpò àwọn ìlú tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, èyí sì ní í ṣe pẹ̀lú ìnáwó ilé-iṣẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú iye epo tí wọ́n sọ pé ó wà. Bàbá kan ní Ìbíadé lè bi ọmọ rẹ̀ tó kàwé nípa ilẹ̀ pé, "Ọmọ mi, ó tó mélòó?" Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n wá ni, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò ná, bàbá."

Dídánwò yẹn ní bó ṣe rí. Wọ́n á ṣí kànga fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa yí ihò tí epo ń gbà jáde padà láti kékeré sí ńlá, wọ́n á máa kọ agbára tó ń tì í wá àti iye omi tó ń bá a jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tì í pa, wọ́n á máa wo bí agbára náà ṣe ń padà sókè nísàlẹ̀. Bí ó bá yára padà, epo ń ráyè wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá ń fà, tí kò sì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kànga náà ti ń mú láti inú àpò kékeré kan tó wà lẹ́bàá rẹ̀, kó sì tán láìpẹ́. Lórí ìwé tó jáde láti inú iṣẹ́ yìí ni iye tó nítumọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ bá dárúkọ iye kan fún Eba, ìwé yẹn ló yẹ kí àwọn ará Abigi ní kí wọ́n kọ́kọ́ kà sétí àwọn, kí wọ́n sì wo ibi tí wọ́n kọ iye omi sí.